Ìdí Tí Ọ́ísítà Fi Jókòó Sójú Kan Nínú Ọ̀sà

Láyé ijọ́un, ọ́ísítà ní ẹsẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti dé etí ọ̀sà rí, ẹ mọ ọ́ísítà. Ẹran kékeré tó ń gbé láàárín karahun méjì ni, tó máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi inú omi bí ẹni pé símẹ́ǹtì ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú un kúrò níbẹ̀, àdá lẹ máa lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń sọ yìí, kò lẹ̀ mọ́ ibì kankan. Ó ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ rírọ̀ báyìí, tó máa ń yọ jáde láàárín karahun rẹ̀. Òun ló fi ń rìn. Ó sì ń rìn gan-an ni!

Karahun rẹ̀ ń dán nígbà yẹn. Méjèèjì dọ́gba. Tó bá ń kọjá lọ, ẹ ó rò pé àwo tuntun ló ń rìn.

Láàárọ̀, Ọ́ísítà á ti dé etí òkun. Lọ́sàn-án, ó ti wà lẹ́nu odò. Bí Edé bá bímọ, òun ló máa kọ́kọ́ lọ kí i. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnì kan, á ní, “Àǹtí Ọ́ísítà, tó o bá dé ọ̀hún, bá mi kí wọn o.” Òun náà á ní, “Wọ́n ti gbọ́ nìyẹn.” Kò sí ilé tí kò mọ̀ nínú ọ̀sà yẹn.

Omi ọ̀sà náà mọ́. Ó mọ́ débi pé tí abẹ́rẹ́ bá já sísàlẹ̀, ẹ ó rí ihò rẹ̀ látòkè.

Obìnrin kan wà tó ń gbé létí omi, Ìyá Mosúnmọ́lá ni wọ́n ń pè é. Ó dá oko ẹ̀fọ́ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ tó wà lókè ọ̀sà. Ilẹ̀ yanrìn ni, kò fi bẹ́ẹ̀ lóúnjẹ nínú, ìgbẹ́ adìyẹ ni wọ́n máa ń dà sí i kí ẹ̀fọ́ lè tutù. Ajílẹ̀ nìyẹn.

Àṣà kan wà láàárín àwọn ará ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í da ajílẹ̀ sílẹ̀ tí òjò mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún ò bá tíì rọ̀ tán. Ìdí ni pé òjò àkọ́kọ́ máa ń bínú. Kì í wọlẹ̀, ṣe ló máa ń gbá ilẹ̀ lọ. Òjò kẹta ló máa ń rọra wọlẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ìyá Mosúnmọ́lá náà mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, òjò pẹ́. Ẹ̀fọ́ pọ́n lórí ebè bí ewé tábà. Ẹ̀rù sì ń ba obìnrin náà, ó rò pé tóun bá dúró de òjò mẹ́ta, kò ní sí nǹkan kan tó máa kù lóko. Ló bá kó gbogbo ajílẹ̀ tó ní, apẹ̀rẹ̀ ogún, ó dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ibi tó yẹ kó da apẹ̀rẹ̀ kan sí, ó da mẹ́ta.

Aládùúgbò rẹ̀ kan rí i. Ó ní, “Ìyá Mosún, òjò kankan ò tíì rọ̀ o.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Mo kàn ń tètè ṣe é ni.”

Ọjọ́ kejì ni òjò àkọ́kọ́ dé. Ó rọ̀ láti ìdájí dọ̀sán. Ó gbá oko yẹn, ó gbá a mọ́ tónítóní. Gbogbo ajílẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ogún já sínú ọ̀sà gbàlà.

Ọ́ísítà wà lẹ́nu odò nígbà tí omi pupa yẹn ń wọlé. Ó tọ́ ọ wò. “Háà! Oúnjẹ nìyí o! Ta ló fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wa?” Kò mọ̀ ọ́n sí nǹkan búburú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá wò ó. Lábẹ́ òkúta kan níbẹ̀, Ewédò ń gbé. Ewédò ni nǹkan tútù tó máa ń yọ̀ lára òkúta inú omi, tó máa ń mú kéèyàn ṣubú. Nígbà yẹn, ó kéré, ó rù, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ jòjòló lọ. Ebi ló máa ń pa á, torí omi tó mọ́ kì í fún un ní nǹkan púpọ̀ jẹ. Kò sì ń yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Àánú rẹ̀ ṣe Ọ́ísítà. Ó kanlẹ̀kùn òkúta.

“Ewédò! Ṣé o ti jẹun?”

“Àǹtí, níbo? Láti àná.”

“Dìde, jẹ́ ká lọ. Oúnjẹ ti wọ̀lú. Kódà kò sẹ́ni tó ń jà sí i.”

Ewédò ní, “Àǹtí, kò sẹ́ni tó pè mí rí o. Ṣé kò ní bí wọn nínú?”

“Ta ló máa bínú sí ìwọ bíńtín yìí? Tẹ̀ lé mi.”

Ó tẹ̀ lé e. Ó jẹun. Bó ṣe jẹ ẹ́ tán, ó pín sí méjì. Àwọn méjèèjì jẹun, wọ́n di mẹ́rin. Wọ́n di mẹ́jọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohùn ẹgbẹ̀rún ló ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Ẹ ṣé o, àǹtí! Ẹ ṣé o, àǹtí!”

Ọ́ísítà ní, “Kò tọ́pẹ́.” Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ já díẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Ewédò ti bo ojú ọ̀sà pátá, ó tẹ́ bí ẹní. Oòrùn ò wọ ìsàlẹ̀ mọ́. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ lára Ewédò fúnra rẹ̀ ò rí oòrùn, wọ́n kú, wọ́n sì ń jẹrà. Ibi tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀ nìyí: nǹkan tó bá ń jẹrà nínú omi, èémí inú omi ló máa ń jẹ. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì ní rí i. Ẹ kàn máa rí ẹja tó ń lanu lásán.

Edé fò jáde síbi yanrìn, kò padà. Àtòkò, ẹja tó ń fò yẹn, kó gbogbo mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sá gba ọ̀nà òkun lọ. Ẹni tó bá lè sá ló sá, àwọn ẹja mìíràn kú sójú ọ̀nà.

Ẹni kan ò lè sá. Ẹpìyà ni.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ẹpìyà inú ọ̀sà, tí ìyá bá yé ẹyin tán, ìyá á bá tirẹ̀ lọ. Bàbá ló máa kó ẹyin náà sẹ́nu. Ẹnu bàbá ni wọ́n á ti pa, ibẹ̀ náà ni wọ́n á máa gbé títí wọ́n á fi lè lúwẹ̀ẹ́ fúnra wọn. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, bàbá ò ní jẹun. Kò sì ní sọ̀rọ̀, torí tó bá lanu láti sọ̀rọ̀, ọmọ á jáde.

Ẹpìyà yìí ti kó ọmọ sẹ́nu kí òjò tó rọ̀. Kò lè sáré, torí ẹnu tó kún ò lè mí dáadáa. Kò lè lọ lanu gba afẹ́fẹ́ lókè, torí ọmọ á dà nù, àwọn ẹyẹ apẹja sì ti tò sórí igi bí ẹni tó wá jẹ àsè. Abẹ́ gbòǹgbò kan ló wà, tó ń yí ojú.

Ọ́ísítà bá a níbẹ̀. Ìdúró rẹ̀ ti ń fẹ̀gbẹ́ kan.

“Bàbá Ọmọ, ṣé ara le?”

Ẹpìyà ní, “Ùn-ùn.” Ó mirí.

“Ṣé kò sí èémí?”

“Ùn-hùn.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé wọ́n wà láàyè?”

“Ùn-hùn!” Ó yára mi ìrù. Wọ́n wà láàyè. Ṣùgbọ́n ó fi lẹ́bẹ́ kan ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀, ó sì fi han Ọ́ísítà pé wọ́n ti ń dẹ́kun títa tí wọ́n máa ń ta sí òun lẹ́nu.

 Ibẹ̀ ni Ọ́ísítà wà tí Akàn fi fẹ̀gbẹ́ rìn dé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lókè bí ẹni tó fẹ́ jà.

Akàn ní, “Ẹ kú ilé o! Ẹ kí àǹtí oníròyìn káàbọ̀! Ẹlẹ́sẹ̀ kan! Ẹsẹ̀ kan péré, ó fi rìn lọ mú ìparun wálé. Èmi tí mo ní mẹ́wàá, ṣé mo mú nǹkan kan wá?”

Ọ́ísítà ní, “Akàn, jọ̀ọ́, má pariwo. Ara rẹ̀ ò yá.”

“Màá pariwo! Ta ló lọ jí Ewédò lábẹ́ òkúta? Mo gbọ́ ọ létí ara mi. ‘Tẹ̀ lé mi, tẹ̀ lé mi.’ Ṣé ilé ẹ lo pè é wá ni?”

“Ebi ló ń pa á.”

“Ó ti yó báyìí! Wò ó lókè yẹn, ó yó bí ọkọ ìyàwó!” Akàn wá yíjú sí Ẹpìyà. “Ìwọ náà, tu wọ́n dànù. Gba ara ẹ là. Ìyá wọn á yé òmíràn, ṣebí kò tiẹ̀ sí níbí.”

Ẹpìyà wò ó. Kò ní ùn-hùn, kò ní ùn-ùn. Ó kàn pa ẹnu dé sí i.

Ojú ti Ọ́ísítà. Ẹ̀rù bà á ju ojú tó tì í lọ. Ó sáré gun òkè lọ bá Ewédò.

“Ewédò, mo bẹ̀ ẹ́, padà sábẹ́ òkúta ẹ.”

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ohùn dáhùn. “Àǹtí, àwa mélòó ni òkúta yẹn máa gbà? Ẹ̀yin lẹ pè wá. Oúnjẹ ṣì wà.”

“Àwọn ọmọ ń kú nísàlẹ̀!”

“Àwa náà ń kú nísàlẹ̀, àǹtí. A ò mọ̀ bá a ṣe lè dúró.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ebi ti pa láti kékeré, tó wá rí oúnjẹ, ta ló máa sọ fún un pé ó tó?

Inú bí Ọ́ísítà, ó sì ń sunkún. Ó la karahun rẹ̀ fẹ̀ẹ̀, kó lè kígbe, ni omi àti Ewédò bá rọ́ wọ inú rẹ̀. Kó tó mọ̀, ó ti gbé e mì. Omi tó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì wá mọ́ lóló.

Ó dúró. Ó tún la ẹnu. Ó tún gbé e mì. Omi tó mọ́ ló tún jáde.

“Áà! Mo lè jẹ ẹ́!”

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó ń rìn, ó ń jẹ, ó ń rìn, ó ń jẹ, láti ẹnu odò dé etí òkun. Ó rò pé ó ti ń tán. Nígbà tó wẹ̀yìn, omi ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú ju ti iwájú lọ.

Akàn ló sọ fún un. “Ìwọ tún wo ẹsẹ̀ ẹ. Ẹnu ẹ ń gbé e mì, ẹsẹ̀ ẹ ń rú ẹrẹ̀ sókè. Ohun tó ti jókòó sísàlẹ̀, o tún ń jí i. Ṣé kò rẹ̀ ẹ́ láti máa jí nǹkan?”

Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ́ísítà ò bá a jà. Ó rí i pé òótọ́ ni.

Ó padà sábẹ́ gbòǹgbò tí Ẹpìyà wà. Igi ẹ̀gbà ló ni gbòǹgbò náà, igi àgbà tó máa ń dúró sínú omi lórí ẹsẹ̀ gígùn gígùn. Gbogbo wọn ń pè é ní Bàbá Ẹ̀gbà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì mí mú. Mo fẹ́ jókòó sójú kan kí n máa jẹun, kí n má rú ẹrẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n omi ń gbé mi lọ.”

Bàbá Ẹ̀gbà mi ewé díẹ̀. “Mi ò ní ọwọ́ tí màá fi dì ọ́ mú, ọmọ mi. Gbòǹgbò nìkan ni mo ní. Ìwọ lo máa lẹ̀ mọ́ mi.”

“Kí ni màá fi lẹ̀?”

“Ẹsẹ̀ ẹ rọ̀. Tó o bá yọ́ ọ, á di àtè. Àtè náà á le ju òkúta lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà kan péré lèèyàn ń yọ́ ẹsẹ̀.”

 Ọ́ísítà béèrè pé, “Mi ò wá ní lè lọ kí Edé mọ́ nìyẹn?”

“O ò ní lọ.”

“Tẹ́nì kan bá bímọ ńkọ́?”

“Wàá gbọ́. Ṣùgbọ́n o ò ní lọ.”

“Àti etí òkun, láàárọ̀, tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ?”

 Bàbá Ẹ̀gbà fúnra rẹ̀ ò dé etí òkun rí láyé rẹ̀.

Ẹ̀rù bà á gan-an. Mi ò ní parọ́ fún yín, kì í ṣe pé ó láyà. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n nínú karahun, ẹ óò gbọ́ ọ bó ṣe ń ró kẹ́kẹ́kẹ́. Ṣùgbọ́n ó wo Ẹpìyà. Ẹpìyà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ pátápátá. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ẹnu rẹ̀ ṣì pa dé.

Ọ́ísítà ní, “Ó dáa.”

Ó gun gbòǹgbò, ó sì yọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dùn ún débi pé kò lè ké. Karahun kan lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, ó wọ́, ó gba ìrísí gbòǹgbò náà, ó jìn bí ṣíbí. Èkejì pẹlẹbẹ, ó di ìdérí. Dídán rẹ̀ bọ́. Gbogbo ara rẹ̀ rí ṣágiṣàgi.

Ó la ẹnu, ó ń mu omi. Kò rìn, kò mira. Ó mu, ó mu, ó mu. Ewédò ń wọlé, omi ń jáde. Èyí tí kò lè jẹ, ó ń dì í ní kókó wínníwínní, ó ń jẹ́ kó já sísàlẹ̀ jẹ́ẹ́, kò rú.

Nígbà tó yá, ojú omi mọ́ yí gbòǹgbò yẹn ká. Kò tóbi ju ẹní kan lọ. Oòrùn gba ibẹ̀ wọlé. Èémí padà síbẹ̀. Ọ́ísítà pè, “Bàbá Ọmọ! Wọ́ díẹ̀, súnmọ́ ibí.”

Ẹpìyà fi ìrù ti ara rẹ̀. Ó wọ́ dé ibẹ̀. Ó gbé etí, tí ẹja fi ń mí, sí ẹnu Ọ́ísítà, níbi tí omi tó mọ́ ti ń jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

“Ṣé wọ́n ń ta?”

Ó dúró. Ó fetí sílẹ̀ sínú ẹnu ara rẹ̀. “Ùn-hùn.”

Ẹní kan kì í ṣe ọ̀sà. Ọ́ísítà mọ̀. Ewédò ṣì pọ̀ lọ súà, ó sì ń ti etí ẹní náà wọlé. Lójú ẹsẹ̀ ni Ọ́ísítà bí ọmọ, ọmọ tí kò lóǹkà, ó ní kí wọ́n lọ wá ibi jókòó kí wọ́n máa jẹun. Wọ́n rìn lọ, wọ́n rìn bọ̀.

“Ìyá wa, kò sáyè. Gbòǹgbò ti kún. Àwọn èèyàn ti gé àwọn igi ẹ̀gbà tó kù fi yan ẹja.”

“Ẹ jókòó sórí ẹrẹ̀.”

“Ẹrẹ̀ ń gbé wa mì.”

Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ẹsẹ̀ èèyàn fi wọ inú omi. Ìyá Mosúnmọ́lá ni. Ó wá pọn omi, ló bá rí ẹja tó léfòó, tí ikùn wọn yíjú sókè. Ó gbọ́ òórùn omi náà. Ó mọ òórùn yẹn. Ó sọ korobá sílẹ̀.

Ó ní, “Ajílẹ̀ mi rèé o. Yéè, ajílẹ̀ mi nìyí.”

Akàn ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó já a lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ kọ́pẹ́. “Ìwọ nìyẹn! Látàárọ̀ ni mo ti ń bá aláìṣẹ̀ jà!”

“Yéè! Já mi, ó tọ́ sí mi.” Obìnrin náà jókòó sínú omi, taṣọtaṣọ. “Wọ́n ní kí n dúró. Òjò mẹ́ta péré. Ẹ̀rù ló bà mí.”

Ọ́ísítà pè é látorí gbòǹgbò. “Ìyá Mosún, ẹ̀rù bà ọ́, àánú ṣe èmi. Àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Dìde. Àwọn ọmọ mi ò ríbi jókòó.”

“Irú ibi wo ni wọ́n fẹ́?”

“Ibi tó le, tó wà nínú omi, tí kò kan ẹrẹ̀.”

Obìnrin náà ronú. Ó sáré relé. Ó gé ọparun, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ sínú ọ̀sà lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ó na okùn láti orí ọparun kan dé èkejì, bíi ká fẹ́ sá aṣọ. Ó ṣa àwọn karahun òkú létí òkun, ó lu ihò sí wọn láàárín, ó sín wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ sára okùn mìíràn, ó sì so wọ́n rọ̀ sínú omi. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Kò dúró. Nígbà tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ rí i, wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó sọ ohun tó ṣe fún wọn, kò fi nǹkan kan pamọ́, làwọn náà bá gbé àdá, wọ́n lọ gé ọparun.

Àwọn ọmọ Ọ́ísítà rọ́ wá. Ẹnì kan ní, “Tèmi rèé!” Ẹlòmíràn ní, “Sún, jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi ti ń yọ́!” Wọ́n lẹ̀ mọ́ karahun, karahun lẹ̀ mọ́ karahun, okùn sì wúwo. Gbogbo wọn la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹní kan di ẹní mẹ́wàá. Mẹ́wàá di ọgọ́rùn-ún. Ewédò dín kù, ó dín kù, títí ohùn tó kù fi di ẹyọ kan lábẹ́ òkúta, tó ń sọ pé, “Àǹtí, mo ti yó. Ẹ ṣé.”

Lọ́jọ́ tí oòrùn kan ìsàlẹ̀ ọ̀sà látòkè dé ilẹ̀, Ẹpìyà dìde nàró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó sì lanu.

Wọ́n tú jáde! Bí ìgbà tí wọ́n tú àpò ẹ̀gúsí. Ọmọ wẹ́wẹ́, olójú ńláńlá, wọ́n ń sá kiri nínú omi tó mọ́, wọ́n ń kọ lu ara wọn. Ẹpìyà kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n pé.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Yéè, àgbọ̀n mi!” Èkejì, ó yíjú sí Akàn. “Ìwọ Akàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ ti wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ tó o ti ní kí n tu ọmọ dànù. Dúró níbẹ̀.”

Akàn ò dúró. Ó fẹ̀gbẹ́ wọ ihò lọ.

Inú gbogbo wọn ń dùn. Ọ́ísítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ránṣẹ́ pe Ìyá Mosúnmọ́lá.

“Ìyá Mosún, mo ti kún.”

“O ṣiṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Sinmi.”

“Rárá, gbọ́ mi. Ajílẹ̀ ẹ ò lọ síbì kankan. Ewédò jẹ ẹ́, èmi jẹ Ewédò. Ó ti di ẹran ara mi, ó ti di karahun mi. Tí mo bá kú sínú omi níbí, màá jẹrà, gbogbo rẹ̀ á tún dà padà sínú ọ̀sà. Ohun tá a ṣe á di asán. Wá mú wa jáde.”

“Kí n mú yín lọ síbo?”

“Sínú ìkòkò.”

Obìnrin náà kígbe. “Ó tì o! Ẹ tún omi wa ṣe, kí n wá fi yín se ọbẹ̀? Ìkà wo nìyẹn?”

“Ìkà ni tó o bá fi wá sílẹ̀. Mú àwọn tó ti dàgbà, ẹ jẹ wọ́n. Àwọn ọmọ tó kéré, fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa jẹun. Karahun wa, gún díẹ̀ sí oko ẹ, kó o má bàa tún da ajílẹ̀ rẹpẹtẹ. Èyí tó kù, sín in sókùn kó o so ó padà, káwọn tó ń bọ̀ lè ríbi jókòó. Má jẹ́ kó tán o. Ọdọọdún ni òjò àkọ́kọ́ máa ń bínú.”

Ìyá Mosúnmọ́lá ń sunkún. “Ta ni kí n kọ́kọ́ mú?”

“Èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó.”

Ẹpìyà wá. Ó kó gbogbo ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n yí gbòǹgbò ká.  Ó gbé etí sí ẹnu Ọ́ísítà bó ṣe gbé e síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, omi tó mọ́ sì ń fẹ́ jáde sí i lára wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ó sún sẹ́yìn.

Kò rọrùn láti fi àdá yọ ọ́. Àtè yẹn ti le ju òkúta lọ lóòótọ́. Obìnrin náà rọra kàn án, ó rọra kàn án, títí Ọ́ísítà fi já sí i lọ́wọ́.

Ohun tó sọ ọ́ísítà dẹni tó ń jókòó sójú kan nínú omi nìyẹn. Látọjọ́ yẹn ni karahun rẹ̀ ò ti dọ́gba mọ́, tí ọ̀kan jìn, tí èkejì pẹlẹbẹ, tí gbogbo rẹ̀ wọ́ tó sì rí ṣágiṣàgi. Látọjọ́ yẹn lẹnu rẹ̀ ti máa ń là sínú omi látàárọ̀ dalẹ́. Òun ló fà á táwọn ará etí ọ̀sà fi ń rì ọparun, tí wọ́n ń so karahun rọ̀ sínú omi, tí wọ́n sì ń fà á jáde nígbà tó bá wúwo. Ibi tí wọ́n bá ti gbàgbé láti fà á jáde, tàbí tí wọ́n ti gé gbogbo igi ẹ̀gbà, ẹ lọ wo omi ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kẹ́ ẹ tó lọ wò ó.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọ́ísítà, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wọn, wọ́n ṣì máa ń rìn. Ọ̀sẹ̀ méjì, bóyá mẹ́ta. Wọ́n kéré débi pé ẹ ò lè rí wọn. Wọ́n á dé etí òkun, wọ́n á dé ẹnu odò, wọ́n á kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá rí. Lẹ́yìn náà ni kálukú á wá ibi tó le, á yọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì la ẹnu.